Ààrẹ Mọ́mọ́dù Látóòsà: Ṣé Jíhádì Ni Ogun Kírìjì?

   

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin jàmáà mọ́sálásí, inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ irú ibi tí Ìyànà Ìyẹsí jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Sàngó àti Ọ̀tà ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí, nítorí náà lórí ẹní kan ṣoṣo ni ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ẹ̀gbá ti ń jókòó ka Kùránì pẹ̀lú ọmọ Àwórì tí ó ni ilẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn Kàlífà, ọmọkùnrin kan bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé jíhádì ni Ààrẹ Látóòsà, ará ìlú bàbá òun, jà, nítorí pé Mùsùlùmí ni. Kí n tó la ẹnu, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti Ìmẹ̀sí wá ti dá a lóhùn pé, "Jíhádì wo? Ẹrú ni wọ́n wá kó ní ìlú wa." Kíláàsì dàrú. Mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mo sì ṣèlérí pé n óò kọ ìdáhùn náà sínú ìwé ọdọọdún wa, kí àwọn òbí náà lè kà á, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé láti ilé ni àwọn ọmọ ti ń gbé irú ìjà bẹ́ẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ Látóòsà kọjá inú eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Eré náà dára, ṣùgbọ́n eré ni. Apá tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọkùnrin náà gan-an wá láti inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, sì mú jáde ní 1921. Àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni Johnson. Ó gbé ní Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tí ìjọba Èkó rán lọ sí ibùdó ogun láti wá àlàáfíà. Kò fẹ́ràn Ààrẹ púpọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí wọ́n rò ó fún. Ohun tí àwọn onímọ̀ hádíìsì kọ́ wa ni pé kí a yẹ ẹni tí ó ròyìn wò, kí a sì yẹ ìròyìn rẹ̀ wò, kí a tó gbà á tàbí kí a tó kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbìyànjú láti ṣe níhìn-ín.

Ìlọ́rà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti bí Látóòsà. Ọbadókè ni wọ́n tún ń pè é. Mọ́mọ́dù, èyí tí í ṣe Muhammad lẹ́nu Yorùbá, sì ni orúkọ ẹ̀sìn rẹ̀. Ìbàdàn ni ó lọ wá ọ̀nà ọlá, ibẹ̀ náà ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sì ń lọ ní ayé ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Ìbàdàn díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìlú náà kò lè mọ olórí rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú lọ, ní nǹkan bí ọdún 1829, ni àwọn ọmọ ogun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú sọ Ìbàdàn di ibùdó. Ìlú ológun ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdílé ọba níbẹ̀ tí ọmọ ń bí sínú oyè. Ẹni tí ó bá lè jà, tí ó lè kó ọmọ ogun jọ, tí ó sì lè bọ́ wọn, òun ni yóò máa gun àkàbà oyè ní ìpele ìpele, títí yóò fi di olórí ìlú bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń bọ́ ọmọ ogun ni ìkógun: ẹrú, ẹrù, àti ìṣákọ́lẹ̀ láti ìlú tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Nítorí náà ogun ni iṣẹ́ ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe jẹ́ iṣẹ́ Sàngó-Ọ̀tà lónìí. Bí ogun bá dá, ebi á pa ọmọ ogun. Bí ebi bá pa ọmọ ogun, wọn á fi ọ̀gá wọn sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn.

Àwọn ará Ìbàdàn ni wọ́n lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Láti ìgbà náà ni apá wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Wọ́n gba ìlú Èkìtì púpọ̀, wọ́n sì gba Iléṣà ní 1870. Ìlú tí wọ́n bá gbà, wọn á fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ẹni tí yóò máa bójú tó o fún wọn, tí yóò máa gba ìṣákọ́lẹ̀, tí yóò sì máa jẹ tirẹ̀ náà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Nígbà tí Baálẹ̀ Ọ̀rọ̀wùsì kú ní 1871, Látóòsà ni ó di olórí Ìbàdàn. Kò fẹ́ oyè Baálẹ̀, oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni ó fẹ́. Oyè yìí ga. Olórí gbogbo ọmọ ogun Aláàfin ni ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, kì í sì í gbé ìlú kan náà pẹ̀lú Aláàfin. Ìtàn sọ pé wọ́n máa ń sín gbẹ́rẹ́ igba ó lé kan sí Kakaǹfò lórí, wọ́n á sì fi oògùn rà á. Wọ́n tún ní ó gbọdọ̀ jagun lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta, kí ó ṣẹ́gun padà wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá. Bí Mùsùlùmí ṣe jẹ oyè tí irú ètùtù báyìí rọ̀ mọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Èmi ò lè dá a láre lórí èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun nìkan ni: ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kírun tí ó sì tún ń so ońdè mọ́ ìbàdí.

Látóòsà wà lára àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí wọ́n di olórí Ìbàdàn, Ìsìláàmù sì gbayì sí i ní ìlú náà nígbà tirẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń rí i pé ẹni tí ó ga jù nílùú ń forí balẹ̀ fún Ọlọ́hun, kò sí ẹni tí yóò tún máa sọ pé ẹ̀sìn àlejò tàbí ẹ̀sìn ẹrú ni. Èyí jẹ́ oore kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kò sì lé àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn; àwọn àlùfáà Kìrìsìtẹ́nì bíi Daniel Olúbi ń bá iṣẹ́ wọn lọ ní Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣèlú rẹ̀ le. Ìyálóde Ẹfúnṣetán ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀yin òbí máa ń bi mí léèrè jù. Ọmọ Ẹ̀gbá ni obìnrin yìí, ó lówó, ó ní oko ńlá, ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrú, ó sì máa ń ta ẹ̀tù àti ọta fún àwọn olórí ogun láwìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń ròyìn ìkà tí ó ń ṣe sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ìkà rẹ̀ ni eré tẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ fi kàn án nígbà tí ó ti ojú ogun dé: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi oúnjẹ àti ohun ogun ránṣẹ́ sí òun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan tí ó kan ẹrú tí wọ́n pa. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó san án, síbẹ̀ wọ́n gba oyè rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1874. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì gba òkè àjà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì pa á. Johnson sọ pé Kúmúyìlọ́, ọmọ tí ó gbà tọ́, ni wọ́n fi owó rà láti ṣètò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ìlú ń kùn, wọ́n pa àwọn ẹrú méjèèjì, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Ẹni tí ó rán wọn kò jẹ́jọ́. Nínú Ṣẹríà, obìnrin tí ó pa ẹrú rẹ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́, ṣùgbọ́n iwájú adájọ́ ni yóò ti jẹ́ ẹ, kì í ṣe láti orí àjà ní òru.

Ìyálóde nìkan kọ́. Ní 1877, Ìyàpọ̀, Ṣẹ́ríkí Ìbàdàn, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, akọni tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn gidigidi, ni wọ́n dìtẹ̀ mọ́ tí ó fi di dandan fún un láti pa ara rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ti Ayéjẹńkù, Fọ́kọ̀ Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ti Fọ́kọ̀ yìí ni ó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí, nítorí ìmọ̀ràn ni ó pa á. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí: Ìbàdàn kò ní etí òkun. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀, ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, àwọn méjèèjì sì ń dí ọ̀nà bí ó bá ti wù wọ́n, nítorí wọn ò fẹ́ kí Ìbàdàn lágbára jù. Ní 1877, Ààrẹ rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ra ohun ogun ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto Novo. Àwọn Ẹ̀gbá kọlù wọ́n lójú ọ̀nà. Inú bí Látóòsà, ó ní ogun ni. Fọ́kọ̀ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ọ̀tá tí Ìbàdàn ní káàkiri ti pọ̀ tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ. Wọ́n ní ọ̀tẹ̀ ni ó ń ṣe, wọ́n sì há a mọ́ títí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ànábì wa, tí wáhàyí ń sọ̀ fún, máa ń bá àwọn sàábé rẹ̀ dámọ̀ràn. Ní Uhudu, ìmọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ ni ó tẹ̀lé láti jáde sí ìta, èyí tí ó yàtọ̀ sí èrò tirẹ̀, nígbà tí nǹkan sì dàrú kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Johnson ròyìn pé Ààrẹ ní Ọlọ́hun ni ó yan iṣẹ́ ogun náà fún òun, àti pé bí òun bá parí rẹ̀, ogun kò ní sí mọ́ láéláé ní ilẹ̀ Yorùbá. Mo rò pé inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti mú un pé jíhádì ni. A ó dé ibẹ̀.

Iná tí ó dá lọ́nà Ẹ̀gbá kò ì tíì kú nígbà tí òmíràn sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1878, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kan tí ń jẹ́ Oyèpẹ̀tún wà ní Ìmẹ̀sí, tí a ń pè ní Òkè-Ìmẹ̀sí lónìí. Ìwà òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí àwọn obìnrin ìlú burú. Nígbà tí ó kan ilé Fábùnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọba níbẹ̀, Fábùnmi bẹ́ ajẹ́lẹ̀ náà lórí. Ìròyìn náà tàn ká bí iná inú ọyẹ́. Ìlú lórí ìlú ni ó dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀: ní oṣù kẹfà ọdún 1878 yẹn gan-an, ní Prizren, ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn aṣáájú Albania, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, parapọ̀ kí àwọn aládùúgbò wọn má bàa pín ilẹ̀ wọn. Abẹ́ Sùlútáànù Istanbul ni wọ́n wà. Ní 1881, ọmọ ogun Sùlútáànù, Mùsùlùmí bíi tiwọn, ni ó wá fi ipá tú wọn ká. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé Mùsùlùmí ń bá Mùsùlùmí jà nítorí ilẹ̀ àti agbára, ẹ má ṣe rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni.

Ìlọrin náà rí àyè. Wọ́n dára pọ̀ mọ́ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì dó ti Ìkirun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn lọ bá wọn, ó sì ṣẹ́ wọn ní ìṣẹ́gun tí wọ́n ń pè ní ogun Jálumi, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá lọ ni ó já sí odò. Bí Ààrẹ bá fi ìṣẹ́gun yìí wá àlàáfíà ni, bóyá ìtàn ìbá yàtọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1879 ni òun fúnra rẹ̀ jáde, pẹ̀lú gbogbo agbára Ìbàdàn, lọ sí orí àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Kò sí ìgbà tí ó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Ìbàdàn mọ́.

Kírìjì ni wọ́n ń pe ogun náà, láti inú ìró ìbọn tí ń dún láàárín òkè. Ìbọn yìí ló tún mú kí nǹkan yí padà. Ṣakabùlà ni àwọn ará Ìbàdàn kọ́kọ́ gbé lọ, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu, tí ó ń pẹ́ kí ó tó tún yìn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹrú tí ó ti ilẹ̀ Sàró padà, dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí ń gba ọta láti ìdí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé láti ọ̀nà Oǹdó. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú yín yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: kí ọmọ ogun Ìbàdàn tó yìn lẹ́ẹ̀kan, èkejì rẹ̀ ti yìn léraléra, ọta tirẹ̀ sì ń lọ jìnnà ju ti ṣakabùlà lọ. Ògèdèǹgbé, akọni Iléṣà tí ó ti ṣe ẹrú ogun ní Ìbàdàn rí, tí ó sì mọ ọgbọ́n ogun wọn bí ẹni mọ owó, ni ó di ọ̀gágun Èkìtì Parapọ̀. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó lè lé ẹnìkejì kúrò lórí òkè. Ibùdó méjèèjì di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, wọ́n sì bí ọmọ síbẹ̀.

Ìbàdàn sì wá dà bí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn márùn-ún mú. Ìjẹ̀bú kan wọ́n láti ìhà kan, Ẹ̀gbá láti ìhà kejì, Ifẹ̀ náà yí padà, Ìlọrin sì dó ti Ọ̀fà tí í ṣe ọ̀rẹ́ Ìbàdàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní kọ ìwé sí gómìnà Èkó pé kí ó bá wọn dá sí i. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ogun sú àwọn ènìyàn débi pé wọ́n lé Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ kúrò ní ìlú ní 1883, ó sì lọ jókòó sí Ẹ̀pẹ́.

Nísinsìnyí mo lè dáhùn ìbéèrè ọmọ wa. Jíhádì ní ìlànà. Ẹ wo ti Ṣéù Uthman ọmọ Fodio tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Yálà ẹnìkan fara mọ́ gbogbo ohun tí ó ṣe tàbí kò fara mọ́ ọn, wàásí ni ó fi bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ ìwé púpọ̀ láti fi ẹ̀rí gbe ohun tí ó ń ṣe lẹ́sẹ̀, ó sì sọ ẹ̀sìn tí ó ń pe àwọn ènìyàn sí. Ta ni Látóòsà pè sínú Ìsìláàmù ní Ìmẹ̀sí? Kò sí. Àwọn ìjòyè tí ó yí i ká, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, onífá wà níbẹ̀, olóòṣà wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń pín ìkógun dọ́gba. Ní òdìkejì, Ìlọrin tí ó ń bá a jà, tí ó sì bá Ògèdèǹgbé ṣe ọ̀rẹ́, ìlú Mùsùlùmí ni, abẹ́ àsíá Sókótó ni ó wà. Àáfà ní Ìbàdàn ń ṣe àdúà kí Ìbàdàn borí, àáfà ní Ìlọrin ń ṣe àdúà kí Ìlọrin borí. Ọlọ́hun kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè, nítorí ọ̀nà ọjà, ìṣákọ́lẹ̀ àti ẹrú. Nínú Súrà Hujurat, ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ ni pé bí ìjọ méjì nínú àwọn onígbàgbọ́ òdodo bá ń jà, kí a ṣe ìlàjà láàárín wọn. Àwọn àáfà wa tí ó yẹ kí wọ́n dúró láàárín ni wọ́n ń kọ tírà fún apá méjèèjì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, pàápàá àwọn ọ̀rẹ́ mi ará Ìbàdàn àti ará Ìlọrin, ṣùgbọ́n àwa tí a ń jẹ́ àáfà ni mo kọ́kọ́ ń bá wí.

Nítorí náà, ọmọbìnrin wa gbà á nínú èyí: ogun ẹrú àti ìṣàkóso ni. Ṣùgbọ́n kí òun náà má ṣe rò pé àwọn tirẹ̀ kò mú ẹrú. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mú ẹrú ní ayé ìgbà náà, Ògèdèǹgbé náà sì kó ẹrú káàkiri kí ó tó di olórí Parapọ̀. Ohun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní tí Ìbàdàn kò ní ni pé inú ilẹ̀ wọn ni wọ́n dúró sí, wọ́n sì ń jà kí ajẹ́lẹ̀ má padà wá.

Ní ibùdó, àwọn ìjòyè Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra Ààrẹ. Wọ́n ní ó ti pa àwọn àgbà tán, ó sì ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ ga lé wọn lórí, pàápàá Sànúsí, ọmọ rẹ̀ àgbà. Wọ́n wò ó pé ogun tí ó yẹ kí ó parí gbogbo ogun ti wọ ọdún kẹfà, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ. Látóòsà kú ní ibùdó Kírìjì ní oṣù kẹjọ ọdún 1885. Balógun Ajàyí Ọ̀ṣúngbékùn ni ó gba àkóso ogun lẹ́yìn rẹ̀. Àárẹ̀ ti mú gbogbo ènìyàn. Ní ọdún kejì, 1886, Samuel Johnson àti àlùfáà Charles Phillips ń lọ ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ gómìnà Èkó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì gba òmìnira wọn. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n dáná sun ibùdó ní Kírìjì. Ṣùgbọ́n Ìlọrin àti Ìbàdàn kò kúrò lójú ara wọn títí gómìnà Gilbert Carter fi wá tú wọn ká ní 1893. Ọdún yẹn náà ni Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé tí ó mú un wá sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ní òun óò fòpin sí ogun ní ilẹ̀ Yorùbá kò rí i. Òyìnbó ni ó fòpin sí i, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ìdílé rẹ̀. Ọmọ Látóòsà mìíràn, Ṣítù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ṣítù Ààrẹ, di Baálẹ̀ Ìbàdàn ní 1914. Mùsùlùmí ni bíi bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ayé tirẹ̀ kì í ṣe ayé ìbọn mọ́, ayé ìwé àti òfin ni. Òyìnbó ti fi Ìbàdàn sábẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, Captain Ross tí ó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀yọ́ sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Aláàfin Ládìgbòlù tímọ́tímọ́. Ṣítù kò gba ìtẹríba yìí tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ náà sì le títí, nígbà tí ó di 1925, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún òyìnbó tí ó wà ní irú ipò tí Ross wà, tí ó ń gbé ìlú olórìṣiríṣi tí ó sì ń sọ ẹni tí yóò jọba àti ẹni tí kò ní í jẹ ẹ́, ni ajẹ́lẹ̀.

Ibi tí Ààrẹ kọ́ ilé sí ní Ìbàdàn ni wọ́n ń pè ní Òkè Ààrẹ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ kí ẹbí ní Ìbàdàn nígbà ìsinmi, ẹ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọkùnrin wa tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ti ní òun óò mú ọmọbìnrin ará Ìmẹ̀sí náà lọ wò ó bí bàbá rẹ̀ bá gbà. Mo ní kí ó kọ́kọ́ parí Súrà tí mo fún un.